Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí: Agbábọ́ọ̀lù Iwájú Tí Ẹgbẹ́ Ilé Tọ́ Dàgbà

Ìdèrè, tó múlé ti Ìgbò-Ọrà nílẹ̀ Ìbàràpá, wà láàárín ìlú méjì tí ìtàn bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kò lè fò dá: ọ̀nà kan gba Ìgbò-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí sí ní ọdún 1952, èkejì sì gba Ẹrúwà lọ sí Ìbàdàn, níbi tó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ẹgbẹ́ Shooting Stars tó gbá bọ́ọ̀lù fún kì í ṣe ti ará Ìbàdàn nìkan, nítorí pé abẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba yìí ló sì ń ṣàkóso Ìbàràpá nígbà náà. Ìdí nìyí tí ìtàn náà fi kan Ìdèrè pẹ̀lú.

Ọdẹ́gbàmí, tó dàgbà ní Jos tó sì kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pọlí Ìbàdàn, ń gbá bọ́ọ̀lù níwájú lápá ọ̀tún, ìyẹn ipò tí wọ́n ti ń sáré gba ẹ̀gbẹ́ pápá wọlé láti gbé bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ernest Okonkwo, tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ló sọ ọ́ ní "Mathematical". Ní ọdún 1976, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́gun Tonnerre ti Yaoundé, wọ́n sì gba ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn, èyí tó jẹ́ ife ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan gbà.

Tihomir Jelisavčić, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Father Tiko, ọmọ Yugoslavia tí Serbia wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ni olùkọ́ni ikọ̀ Nàìjíríà nígbà tó gbé ipò kẹta ní Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ọdún 1976 àti 1978. Ní ti 1978, Ọdẹ́gbàmí wà lára àwọn mẹ́ta tó gbá góòlù jù lọ.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, ìṣẹ́jú kejì kò tíì pé dáadáa tí Ọdẹ́gbàmí fi gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé Algeria. Ó tún gbá òmíràn ní ìṣẹ́jú kejìlélógójì, kí Muda Lawal tó fi ẹ̀kẹta kún un. Ọmọ Shooting Stars ni àwọn méjèèjì, èyí tó fi hàn pé ẹgbẹ́ Ìbàdàn kan ṣoṣo ló pèsè gbogbo góòlù àṣekágbá tí Nàìjíríà fi gba ife náà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 1984, lẹ́yìn tí Zamalek na Shooting Stars nínú àṣekágbá ife àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì orílẹ̀-èdè wọn nílẹ̀ Áfíríkà, kò gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ òkèèrè kankan, síbẹ̀ góòlù 23 ló gbá fún Nàìjíríà nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46. Ilé lọmọ yìí ti gba ẹ̀kọ́ tó fi yọrí. Nítorí náà, ó tọ́ kí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Ìbàràpá tọ́jú pápá ilé-ẹ̀kọ́ wọn, kí ọmọ Ìdèrè náà lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.