Ẹnì kan ló ń wọ jẹ́sì, ẹni méje ló ń làágùn fún un: Bí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ púpọ̀

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọmọ Amẹ́ríkà kan, Sepp Kuss, ló ń ṣáájú nínú eré ìje kẹ̀kẹ́ Vuelta lórílẹ̀-èdè Spain. Nígbà tí wọ́n dé òkè Angliru, tó wà lára àwọn òkè tó le jù nínú eré náà, àwọn méjì já a sílẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ o. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àwọn méjèèjì, àwọn kan náà tó ti ń bá ṣiṣẹ́ sìn látìbẹ̀rẹ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ náà dá awuyewuye sílẹ̀. Àmọ́ ẹni tí kò mọ bí eré yìí ṣe rí lè bèèrè pé: ṣebí eré ìje ni, kí ló burú bí ẹni tó lágbára jù bá lọ? Àlàyé rẹ̀ rèé.

Báwo ni eré náà ṣe rí?

Mẹ́ta ló lókìkí jù lágbàáyé: Tour de France tó bẹ̀rẹ̀ ní 1903, Giro d'Italia ti Ítálì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1909, àti Vuelta a España tó bẹ̀rẹ̀ ní 1935. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gun ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìpele 21 ló máa ń wà níbẹ̀, ìpele kan lójúmọ́, pẹ̀lú ọjọ́ ìsinmi díẹ̀ láàárín. Tour de France máa ń lé ní 3,000 kìlómítà.

Wọ́n á ṣírò àkókò tí agunkẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lò lójoojúmọ́, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí àpapọ̀ àkókò tiẹ̀ bá kéré jù ló gbégbá orókè. Ìdí nìyẹn tí èèyàn fi lè gba Tour láì gba ipò kìíní ní ìpele kankan. Chris Froome, ọmọ Britain tí wọ́n bí sí Kenya, ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2017. Ẹni tó bá ń ṣáájú ní Tour ló ń wọ jẹ́sì yẹ́lò. Ní Giro, jẹ́sì pínńkì ni. Ní Vuelta, pupa ni.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń dá wá. Ẹgbẹ́ 22 ló kópa nínú Tour ọdún 2024, ẹni mẹ́jọ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ 176.

Kí ló dé tí ẹnì kan ò lè dá a ṣe?

Afẹ́fẹ́ ni. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ kojú atẹ́gùn rí á mọ̀ pé ńṣe ló dà bíi pé èèyàn kan ń fọwọ́ ti àyà ẹni sẹ́yìn. Ẹni tó wà níwájú ló ń gba afẹ́fẹ́ náà sára. Ẹni tó bá sá mọ́ ọn lẹ́yìn tímọ́tímọ́ ò ní lo agbára tó bẹ́ẹ̀. Agbára tó máa ṣẹ́ kù fún un lè tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín èrò.

Bí olórí ẹgbẹ́ bá rí ibi fara pamọ́ sí báyìí fún wákàtí mẹ́rin, okun á ṣì wà lára rẹ̀ tí wọ́n bá dé òkè ìkẹyìn. Ẹni tí kò ní alábàárìn á ti rẹ̀ kó tó débẹ̀. Òun ni ẹgbẹ́ fi ń yan ẹnì kan ṣoṣo, tí àwọn méje yòókù á sì máa ná agbára tiwọn lé e lórí.

Ta ló ń ṣe kí ni?

Orúkọ tí àwọn Faransé ń pe àwọn tó ń sin olórí ni "domestique", ìyẹn ọmọ ọ̀dọ̀. Èébú ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1911, Henri Desgrange tó dá Tour sílẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà bú Maurice Brocco, nítorí pé ó ń bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́ dípò kó du ipò tirẹ̀. Lónìí, iṣẹ́ tó níyì ni, oríṣiríṣi ló sì wà:

– Àwọn tó ń pọnmi: wọ́n á padà sẹ́yìn lọ sídìí ọkọ̀ ẹgbẹ́, wọ́n á ki ike omi bọ inú jẹ́sì wọn, wọ́n á tún sáré bá àwọn yòókù láti pín in.

– Àwọn tó ń gba afẹ́fẹ́: àwọn tó sígbọnlẹ̀, tó ń fa gbogbo ẹgbẹ́ lójú ọ̀nà tó tẹ́jú.

– Àwọn tó ń gun òkè: àwọn tó fúyẹ́, tó ń bá olórí rìn títí dé ibi tí òkè ti le jù. Iṣẹ́ Kuss nìyẹn.

– Kóòṣì: inú ọkọ̀ ló wà lẹ́yìn wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nínú rédíò kékeré tó wà ní etí wọn.

Ọgbọ́n wo ni wọ́n ń dá?

Èyí tó lókìkí jù láìpẹ́ yìí ni ti Tour ọdún 2022. Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, ló wọ jẹ́sì yẹ́lò, kò sì jọ pé ẹnì kan lè dá a borí. Ẹgbẹ́ Jumbo-Visma ti Netherlands wá fi méjì dojú kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n gun òkè Galibier, Primož Roglič á sáré jáde, Pogačar á gbá a yá. Bó ṣe ń bá a, Jonas Vingegaard á tún sáré jáde. Wọ́n ṣe é léraléra. Nígbà tí wọ́n máa fi dé òkè Granon tó kẹ́yìn, okun ti tán nínú Pogačar. Vingegaard lọ, ó sì fi nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta jù ú lọ. Roglič kò jèrè kankan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn.

Ọgbọ́n mìíràn ni kí wọ́n rán ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣáájú láti àárọ̀, kó lọ dúró de olórí lórí òkè. Nínú Tour yẹn kan náà, Wout van Aert ti wà níwájú kí olórí tó dé. Lójú òkè Hautacam ló fa Vingegaard, tí Pogačar fi já.

Ẹni tó fún ọ̀gá rẹ̀ ní táyà

Ní Tour ọdún 1934, René Vietto jẹ́ ọmọ ogún ọdún péré. Òun ló mọ òkè gùn jù nínú ẹgbẹ́ Faransé. Lójú òkè Pyrenees, kẹ̀kẹ́ olórí wọn, Antonin Magne, bàjẹ́. Vietto yọ táyà iwájú tirẹ̀ fún un, ó sì jókòó sórí ògiri létí ọ̀nà, ó ń retí ọkọ̀ tó máa gbé òmíràn wá. Wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń sunkún. Lọ́jọ́ kejì, Magne tún ní ìṣòro lẹ́yìn rẹ̀. Vietto yí padà, ó gun òkè tó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a, ó sì tún ràn án lọ́wọ́.

Magne ló gba Tour náà. Vietto ṣe ipò karùn-ún, kò sì gba Tour rí títí tó fi fẹ̀yìn tì. Àmọ́ fọ́tò yẹn sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Faransé mọ̀.

Nígbà tí ọba méjì bá wà láàfin kan

Wàhálà máa ń dé tí ẹni tó ń sìn bá lágbára tó ẹni tí wọ́n ń sìn. Ní 1985, Bernard Hinault, ọmọ ilẹ̀ Faransé, àti Greg LeMond, ọmọ Amẹ́ríkà, jọ wà nínú ẹgbẹ́ La Vie Claire. Hinault ti ṣubú, ó fara pa nímú. LeMond wà níwájú rẹ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ní kó má sáré. Ó gbọ́, Hinault sì gba Tour rẹ̀ karùn-ún. Hinault wá ṣèlérí pé òun á ran LeMond lọ́wọ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí 1986 dé, Hinault tún sáré jáde lẹ́ẹ̀kan, ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní òun ń fi tán àwọn alátakò LeMond lókun ni. LeMond ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú wọ òkè Alpe d'Huez, inú kan náà kọ́ ni wọ́n fi dì í. LeMond ló padà gba Tour náà, Hinault ṣe ìkejì.

Ó tún ṣẹlẹ̀ ní 2012 nínú ẹgbẹ́ Sky. Froome lágbára ju olórí rẹ̀, Bradley Wiggins, lọ lórí òkè La Toussuire. Ó sáré síwájú, ṣùgbọ́n ó tún dúró dè é. Wiggins di ọmọ Britain àkọ́kọ́ tó gba Tour, Froome ṣe ìkejì. Lọ́dún 2013, ó kan Froome fúnra rẹ̀.

Kí ni ọmọ ẹgbẹ́ ń rí níbẹ̀?

Owó oṣù àti àdéhùn iṣẹ́ ni àkọ́kọ́. Ìkejì, ẹni tó gba Tour ń gba 500,000 owó yúrò, àṣà sì ni kó pín in fún àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ìkẹta ni ìrètí pé lọ́jọ́ kan, àwọn yòókù á ṣiṣẹ́ fún òun náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Kuss ti dun àwọn èèyàn nìyẹn. Lọ́dún 2023, ó ti ran Roglič lọ́wọ́ láti gba Giro, ó ran Vingegaard lọ́wọ́ láti gba Tour. Nígbà tó kàn án ní Vuelta, àwọn méjèèjì náà ló já a sílẹ̀ ní Angliru. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ló kù láàárín òun àti Vingegaard. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Àwọn olólùfẹ́ eré náà pariwo, ẹgbẹ́ Jumbo-Visma sì pinnu pé kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fún Kuss. Ó gba Vuelta náà, Vingegaard ṣe ìkejì, Roglič ṣe ìkẹta. Kò tíì sí ẹgbẹ́ kan tó gba eré ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún kan ṣoṣo ṣáájú wọn.

Ilẹ̀ Áfríkà ńkọ́?

Ní Tour ọdún 2024, Biniam Girmay ti Eritrea gba ìpele mẹ́ta, ó sì di adúláwọ̀ Áfríkà àkọ́kọ́ tó gba ìpele níbẹ̀. Ó tún gba jẹ́sì aláwọ̀ ewé, tí wọ́n ń fún ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù. Nítòsí wa, Tour du Bénin àti Tour du Togo náà wà.

Tí ẹ bá tún ń wo eré kẹ̀kẹ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má wo ẹni tó kọ́kọ́ débi ìparí nìkan. Ẹ wo ẹni tó ń fà á ní wákàtí kan ṣáájú, tó wá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nígbà tí okun rẹ̀ tán. Òun náà ti ṣiṣẹ́ tirẹ̀ parí.