AK-47: Bí ìbọn náà ṣe dé ọwọ́ ọmọ ogun Soviet

Bí ìròyìn ààbò bá ń lọ lórí rédíò, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ má gbọ́ orúkọ AK-47. Orúkọ ẹni tó ṣe é, Kalashnikov, ni K. Ọdún 1947 sì ni 47. Àmọ́ ọdún 1949 ni ìjọba Soviet tó gbà á fún àwọn ọmọ ogun wọn.

Ta ni Kalashnikov?

Ọdún 1919 ni wọ́n bí Mikhail Kalashnikov ní Kurya, lágbègbè Altai ní Rọ́ṣíà. Sájẹ́ǹtì nínú táǹkì ogun ni nígbà tó fara gbọgbẹ́ nítòsí Bryansk lóṣù Kẹwàá ọdún 1941, lásìkò tí Jámánì ń bá wọn jà. Ọsibítù ló wà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ìbọn tó máa ṣe.

Kí nìdí tí wọ́n fi nílò rẹ̀?

Nígbà yẹn, ìbọn tí ọta rẹ̀ ń lọ jìnnà kì í yára yìn. Èyí tó ń rọ̀jò ọta kì í sì í lọ jìnnà. Jámánì ṣe StG 44 tó wà láàárín méjèèjì. Soviet náà ti ṣe ọta tuntun oní mílímítà 7.62 lọ́dún 1943, ló bá ku ìbọn tó máa yìn ín.

Ìdíje ni wọ́n fi wá a. Kalashnikov bá Bulkin àti Dementyev figagbága. Òun nìkan kọ́ ló dá iṣẹ́ náà ṣe o: Aleksandr Zaitsev wà lára àwọn tó bá a tún ìbọn náà tò ní Kovrov lọ́dún 1947.

Kí ló jẹ́ kó borí?

Àwọn irin inú rẹ̀ ò fún pọ̀ jù, torí náà ẹrẹ̀ àti iyanrìn kì í tètè dá a dúró. Tí wọ́n bá yìn ín, èéfín gbígbóná ló ń ti irin inú rẹ̀ sẹ́yìn, tí páálí ọta tó ti yìn á fò dànù, sípíríǹgì á sì ti òmíràn wọlé. Ọta 30 ló ń gbà.

Ilé iṣẹ́ tó wà ní Izhevsk ló ń ṣe é. Páànù irin ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ara rẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń bàjẹ́ lórí iṣẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ látinú irin gidi. Lọ́dún 1959 ni AKM dé, tí wọ́n padà sí páànù; ó fúyẹ́, kò sì wọ́n. Ọ̀pọ̀ èyí táwọn èèyàn ń pè ní AK-47 lónìí, AKM ni, àbí èyí tí wọ́n wò ó ṣe.

Ọwọ́ ta ló wà báyìí?

Soviet jẹ́ káwọn orílẹ̀-èdè ọ̀rẹ́ wọn náà máa ṣe é. Àwòrán rẹ̀ wà lára àsíá Mòsáḿbíìkì. Ní Nàìjíríà, òfin ò gba aráàlú láyè láti ní ìbọn ológun oní 7.62 láìgbàṣẹ Ààrẹ. Síbẹ̀, ohun tó jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ ogun náà ló jẹ́ kó rọrùn fún ajínigbé.

Kí Kalashnikov tó kú lóṣù Kejìlá ọdún 2013, ó kọ̀wé sí olórí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà. Ó ní bí ìbọn òun bá gba ẹ̀mí èèyàn, ṣé ẹ̀bi òun ni?