Ọ̀tún Ta Ni?

Aago 6:40 àárọ̀
Mi ò tíì jìnnà sí Ìdó-Ilé tí iwájú ọkọ̀ fi ń dún "kọ́, kọ́" nígbàkígbà tí táyà bá já sí kòtò. Toyota 4Runner ọdún 1999 ni, tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, kì í sì í bẹ̀rù òkè tàbí ẹrẹ̀. Mo dẹ eré, mo ń wakọ̀ bí ẹni tó ru ẹyin títí mo fi dé Arámọkọ.

Aago 7:30
Ọ̀gá mẹkáníìkì fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè lápá ibi tí mo máa ń jókòó. Ó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, ó mì ín. Táyà ń yẹ̀ bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

"Bọ́ọ̀lù jọ́ìnti ìsàlẹ̀ ti jẹ. Ọ̀gá, ẹ ò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ yìí kúrò níbí."

Ó di ẹ̀ṣẹ́, ó fi í sínú àtẹ́lẹwọ́ kejì láti ṣàlàyé fún mi: irin róbótó kan ló ń yí nínú ihò, bí orí egungun itan ṣe ń yí ní ìbàdí. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn kan, ẹrù ọkọ̀ a máa ti irin náà wọnú ihò. Nínú 4Runner tí wọ́n ṣe láti 1996 sí 2002, ńṣe ni ẹrù ń fà á jáde. Bó bá ti jẹ dé góńgó, yóò yọ lójijì, táyà yóò sì ká sábẹ́ ọkọ̀. Mo rántí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, ara mi bù máṣọ.

Aago 8:40
Mo gun ọ̀kadà yí àwọn ṣọ́ọ̀bù ká, mo ń wá bọ́ọ̀lù jọ́ìnti. Ti Corolla wà, ti Camry wà, páàtì ọ̀kadà fúnra rẹ̀ kún ilẹ̀, ti 4Runner nìkan ni kò sí. Ọkọ̀ tó pọ̀ nílùú ni oníṣọ́ọ̀bù ń ra ọjà sílẹ̀ fún.

Aago 9:20
Ẹnì kan ní Adó ní tòkunbọ̀. Ọ̀gá mirí. "Sípíríǹgì tòkunbọ̀, ojú lásán lè yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí, inú ló ti ń jẹ."

Aago 10:15
A pe ọjà Aráròmí ní Gate, n'Ìbàdàn. Ọ̀gá lóṣòó síwájú ọkọ̀, ó kọjú sí ẹ́ńjìnnì, fóònù létí. Òǹtajà bi í: "Ọ̀tún ni àbí òsì?" Ó wo táyà tó ti tú, tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. "Ọ̀tún ni." Èmi náà gbọ́, mi ò fura. Mo fi owó ránṣẹ́, wọ́n sì fi ọjà náà ṣe wéébìlì sínú bọ́ọ̀sì Adó tó ń gba Iléṣà àti Ẹ̀fọ̀n kọjá.

Aago 3:50 ọ̀sán
Dẹ́rẹ́bà na páálí sí wa lójú fèrèsé, kò tilẹ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Ọ̀gá gbé irin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́: ọ̀kan tẹ̀ síhìn-ín, èkejì tẹ̀ sọ́hùn-ún, bíi bàtà ọ̀tún àti ti òsì. A pe òǹtajà. Kò bínú.

"Ẹ̀yin ọ̀gá, inú ọkọ̀ la ti ń ka ọ̀tún. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 43330 ni ọ̀tún, 43340 ni òsì. Nọ́ńbà ni kí ẹ máa pè."

Aago 4:20
Bàbá kan tó fi lọ́rí ṣiṣẹ́ jẹun nígbà èwe rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tó di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà kó ọkọ̀ sápá ọ̀tún títì, ọ̀tún ni dẹ́rẹ́bà ń jókòó sí. Ẹni tó dúró níwájú ọkọ̀ ní ọ̀tún tirẹ̀, ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ ní tirẹ̀.

Aago 5:00 ìrọ̀lẹ́
Ọ̀gá yẹ ọ̀tún tòótọ́ wò: rọ́bà rẹ̀ ti ya, gírísì ti tú síta. Irin tuntun kò ṣòfò. Ó tú bóòtù mẹ́rin, ó fi wáyà nu ìpẹtà, ó gbé e wọlé.

Aago 6:30
Ọkọ̀ yóò sùn síbí. Mo pe Ìbàdàn pé kí wọ́n fi èkejì ránṣẹ́ lọ́la: "Ọwọ́ dẹ́rẹ́bà ni."

Bàbá gbé ojú sókè lórí bẹ́ńṣì. "Dẹ́rẹ́bà ìgbà wo?"

Mo yáa ka nọ́ńbà náà fún wọn.