Ohun tó wà lábẹ́ táìlì: ẹ̀kọ́ láti ara ilẹ̀ alápáàdì Ilé-Ifẹ̀

Àwọn àgbà ní ilé tí a bá fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Òwe yìí ló ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkígbà tí mo bá rí ilé tuntun ní Ilé-Ifẹ̀ tí táìlì balùwẹ̀ rẹ̀ ti ń já bọ́. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ ni pé táìlì náà kò dára. Èmi gbà pé lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó wà lẹ́yìn táìlì ló yẹ ká bi léèrè. Ìlú wa fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí mi, nítorí pé àwọn baba ńlá wa tẹ́ ilẹ̀ kan tí òjò ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kò rí gbé lọ. Ilẹ̀ alápáàdì ni mò ń sọ.

Ìtàn tí a jogún sọ pé Lúwo, tí wọ́n tún ń pè ní Lúwo Gbàgìdá, obìnrin tó jọba gẹ́gẹ́ bí Ọọ̀ni, ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ ìlú. Wọ́n ní ó fẹ́ràn ìmọ́tótó, kò sì fẹ́ kí ẹrẹ̀ ta sí aṣọ òun. Àwọn kan tún ní àwọn arúfin ni ó máa ń fi iṣẹ́ náà jẹ níyà. Títí di òní, àwọn ará Ìwó ń sọ pé ọmọ Lúwo ni Tẹ̀lú tí ìdílé ọba wọn ti ṣẹ̀ wá. Ìtàn ẹnu yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé àwọn ará Ifẹ̀ ka ilẹ̀ títẹ́ sí iṣẹ́ ìlú tó yẹ kí ọba dá sí.

Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn dé, wọ́n fi ohun tí ọwọ́ wọn bà kún ohun tí etí ti gbọ́. Ní ọdún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Ìta Yemòó ṣàdédé kan àwọn ère idẹ. Frank Willett walẹ̀ níbẹ̀, ó sì rí ilẹ̀ alápáàdì. Ekpo Eyo walẹ̀ ní Láfógídò ní 1969. Peter Garlake walẹ̀ ní ilẹ̀ Ọbalára ní 1971 sí 1972, ó sì tún walẹ̀ ní Wóyè Àṣírí ní 1973. Ohun tí wọ́n rí fi hàn pé àgbàlá ilé àti ojúbọ wà lára ibi tí wọ́n tẹ́ báyìí. Ibòmíràn wà tí ilẹ̀ alápáàdì kan wà lórí òmíràn. Èyí fi hàn pé kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tún un tẹ́. A rí irú ilẹ̀ yìí ní Kétu àti Dassa-Zoumé ní orílẹ̀-èdè Benin, àti ní ilẹ̀ Kabiyè ní Togo.

Àpáàdì gan-an tún máa ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Lára àpáàdì mìíràn, a rí àmì ṣùkù àgbàdo tí amọ̀kòkò yí lára ìkòkò nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Àgbàdo kò sí nílẹ̀ Áfíríkà kí àwọn ará Yúróòpù tó dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1492. Nítorí náà, ilẹ̀ tí irú àpáàdì bẹ́ẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn ọdún yẹn ni wọ́n tẹ́ ẹ. Àwọn mìíràn ti wà ṣáájú àkókò náà dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká wá wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọn kò kàn da àpáàdì sórí koríko. Wọ́n kọ́kọ́ tún ojú ilẹ̀ ṣe kó tẹ́jú, wọ́n sì fi erùpẹ̀ pupa ṣe ibùsùn fún àpáàdì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò ó. Wọn kò tẹ́ ẹ ní ìdùbúlẹ̀ bíi táìlì òde òní, òòró ni wọ́n gbé e dúró sí, tí etí rẹ̀ kọjú sókè, tí ọ̀kan sì fún mọ́ èkejì pẹ́kípẹ́kí. Bí ewé ọ̀pẹ ṣe ń yà sọ́tùn-ún sósì lára imọ̀ ni wọ́n ṣe tò wọ́n. Níbòmíràn, wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ funfun ya ìlà sí àárín wọn. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ló ṣáájú. Àpáàdì tó dùbúlẹ̀ yóò fọ́ bí ẹsẹ̀ bá ń tẹ̀ ẹ́. Èyí tó dúró ní òòró ti rì wọnú erùpẹ̀, èkejì rẹ̀ sì há a mọ́. Àgbàlá tí omi òrùlé ń dà sí láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílò irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àbúrò màmá mi, tó ń ṣe iṣẹ́ táìlì, ń tẹ̀ lé. Ní ilé kan tí a gbé rí, táìlì ògiri balùwẹ̀ já lulẹ̀ kí ọdún tó yí po. Nígbà tí bùọ̀dá wò ó, wọ́n rí i pé orí ọ̀dà tó ń dán ni ẹni tó ṣe é lẹ táìlì mọ́. Wọ́n ní kí a tó lẹ ohunkóhun, a ó há ọ̀dà kúrò, a ó gbá eruku dànù, a ó sì sá ògiri náà ní ìṣán ìṣán kí sìmẹ́ǹtì lè rí ibi dì mú. A ó fi okùn wò ó bóyá ó gún, a ó rẹ́ ibi tó bá jin, a ó sì jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn èyí, a ó kun ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sí i, pàápàá ní igun àti ìdí ògiri, nítorí pé omi máa ń gba àárín táìlì kọjá. Ilẹ̀ balùwẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dà síhà ojú ihò omi.

Àwọn ẹbí wa tó wà ní òkè òkun nílò ọgbọ́n yìí jù wá lọ. Pátákó ni ọ̀pọ̀ ògiri inú ilé níbẹ̀. Augustine Sackett gba ìwé àṣẹ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1894. Òkúta gypsum tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi bébà bò ni wọ́n fi ń ṣe pátákó tòde òní. Bí omi bá rin ín, á rọ̀, táìlì á sì já. Nítorí èyí ni àwọn tó mọṣẹ́ ṣe ń lo pátákó sìmẹ́ǹtì níbi tí omi ti ń tú sí ara, tàbí kí wọ́n kun ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sí gbogbo ojú ògiri kí táìlì tó dé ibẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé bí a ti ń walẹ̀ fún ìpìlẹ̀ ilé àti gọ́tà ní Ifẹ̀ lónìí, ṣọ́bìrì lè fọ́ ní wákàtí kan ohun tí òjò kò rí bàjẹ́. Àpáàdì tí a bá ti hú kúrò kò lè sọ ìtàn mọ́, nítorí pé bó ṣe wà nínú ilẹ̀ ni ìtàn rẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun àjogúnbá ti wà láti 1979, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sì wà nítòsí ààfin ní Ẹnuwà. Ẹ̀yin òbí tó ń kọ́lé, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá rí àpáàdì tó dúró ní òòró nínú ilẹ̀, ẹ dá ṣọ́bìrì dúró, ẹ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tó tẹ́ ilẹ̀ náà fi sùúrù tọ́jú ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní rí. Ó yẹ kí àwa náà fi sùúrù tọ́jú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa.