Kí Jíìpù Tó Di Yàrá: Ìtàn Ọkọ̀ Tó Di Ilé Lójú Ọ̀nà Wa

 

Irú fídíò kan wà tó ń lọ láti fóònù dé fóònù láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Banikanni. Òyìnbó kan á ra jíìpù ńlá, á yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, á fi pákó ṣe ibùsùn síbẹ̀, á ṣe àpótí sábẹ́ ibùsùn, á so kẹ́ẹ̀gì omi mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà, òun àti ìyàwó rẹ̀ á bọ́ sójú ọ̀nà, ilé wọn sì ń tẹ̀ lé wọn lọ. Ẹnu ń ya àwọn èwe wa. Wọ́n ní òyìnbó tún ti gbé ọgbọ́n tuntun dé.

Ìdí nìyẹn tí a fi gbé ìtàn yìí wá. Ọkọ̀ tó di ilé kì í ṣe àjèjì lójú ọ̀nà wa. Àwọn bàbá wa ti ń sùn nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń se oúnjẹ lẹ́bàá rẹ̀, kí ọ̀pọ̀ nínú wa tó dáyé. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé a ò kọ ọ́ sílẹ̀.

Kí mọ́tò tó dé rárá, ìlú ibùdó èrò ni Parakou. Àwọn oníṣòwò tó ń ti ilẹ̀ Haúsá lọ ra obì ní ìhà Gọ̀ǹjà máa ń gba ilẹ̀ Bàrìbá kọjá, àwọn àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n bá sọ ẹrù kalẹ̀ sí láti sùn ni wọ́n ń pè ní zongo, orúkọ náà ò sì tíì kúrò nílùú wa dòní. Ẹni tó bá wà lójú ọ̀nà fún oṣù méjì, mẹ́ta, ó di dandan kó mọ bí a ṣe ń gbé ilé rìn. Ọgbọ́n yẹn ló wà nílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé bá a.

Àwa tí a jókòó sí ilé ìwé Faransé, ìtàn ọkọ̀ tí a bá nínú ìwé ni Croisière noire. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá ọdún 1924, Georges-Marie Haardt àti Louis Audouin-Dubreuil kó ọkọ̀ Citroën mẹ́jọ jáde láti Colomb-Béchar ní ilẹ̀ Algérie. Táyà ló wà níwájú àwọn ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì rọ́bà ni wọ́n fi ń yí lẹ́yìn, kí wọ́n má baà rì sínú iyanrìn. Wọ́n gba aginjù kọjá, wọ́n dé Niamey, wọ́n gba ìhà Chad àti Congo, wọ́n sì dé Madagascar ní ọdún 1925. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ àti àmì tirẹ̀. Scarabée d'or ni ti Haardt. Àgọ́ ńbẹ nínú ẹrù wọn, ibùsùn ńbẹ, oúnjẹ ńbẹ, ẹ̀rọ sinimá pàápàá ńbẹ. Léon Poirier fi ìrìn-àjò náà ṣe fíìmù tó jáde ní ọdún 1926. Ìwé kọ orúkọ gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tó la ọ̀nà, tó ru epo àti oúnjẹ síwájú dè wọ́n, ìwé ò rántí orúkọ tiwọn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, irú ọkọ̀ tí a ń pè ní jíìpù lónìí dé ọwọ́ ará ìlú. Ọdún 1948 ni Land Rover kọ́kọ́ hàn ní Amsterdam. Ní 1951, Toyota náà bẹ̀rẹ̀ èyí tó padà di Land Cruiser. Ọdún kan náà yẹn ni Westfalia ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í to ibùsùn àti àpótí ìdáná sínú ọkọ̀ Volkswagen, kí ìdílé lè fi lọ gbafẹ́. Níbẹ̀ ni àṣà tí à ń wò nínú fídíò ti gbilẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo Bedford, ọkọ̀ kan tó bí ọmọ méjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é, láti ọdún 1931. Ní àwọn ọdún 1950, ilé iṣẹ́ Martin Walter ní ìlú Folkestone mú Bedford kékeré, wọ́n ṣe àga rẹ̀ kó lè di ibùsùn lálẹ́, wọ́n ṣe òrùlé rẹ̀ kó lè ṣí sókè. Wọ́n pè é ní Dormobile. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Faransé á ti rí « dormir » nínú orúkọ yẹn.

Lásìkò kan náà, Bedford ńlá ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté Lagos àti Accra. Egungun lásán ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ohun tí à ń pè ní châssis: ẹ́ńjìnnì, táyà àti ìdarí, kò sí ara. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa ló fi pákó wọ̀ ọ́ láṣọ. Wọ́n á gbé òpó igi dúró, wọ́n á fi bóòtì de é mọ́ irin, wọ́n á kan òrùlé, wọ́n á to àga gbọọrọ sínú rẹ̀, wọ́n á fi tapólì bo ẹ̀gbẹ́ nítorí òjò. Akunlé á kọ àdúrà tàbí òwe síwájú rẹ̀. Òun ni bọ́lẹ̀kájà. Wọ́n fún un lórúkọ yẹn nítorí pé èrò ń fún ara wọn mọ́ra nínú rẹ̀, àwọn ọmọ ọkọ̀ sì ń jìjàdù èrò débi pé wọ́n fẹ́ẹ̀ ja ìjàkadì.

Ẹ wò ó dáadáa: ará Folkestone yí Bedford padà, wọ́n pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀nà tuntun. Gbẹ́nàgbẹ́nà wa yí Bedford padà, wọ́n ní ó ń fi igi pa ọkọ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, orúkọ ló yàtọ̀.

Nílé wa ní Parakou ńkọ́? Ojú irin tó ti Cotonou wá dé ọ̀dọ̀ wa ní ọdún 1936, lẹ́yìn kìlómítà 438. Kò kọjá ibẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹrù tó ń lọ sí Niger gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀ ojú irin ní Parakou, kó bọ́ sórí kàmíọ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ètò tí wọ́n ń pè ní Opération Hirondelle mú kí ẹ̀pà Niger máa gba ọ̀dọ̀ wa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí òkun. Ní 1959, wọ́n dá OCDN sílẹ̀, àjọ tí Dahomey àti Niger jọ ni, láti bójú tó ojú irin àti ìrìn ẹrù náà. Bí Parakou ṣe di ìlú àwọn awakọ̀ nìyẹn.

Láti Parakou dé Malanville lé ní kìlómítà 300. Lójú ọ̀nà eléruku ayé ìgbà yẹn, bí òjò bá rọ̀ tàbí tí irin kan bá ṣẹ́, ọjọ́ kan lè di ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn awakọ̀ sì sọ kàmíọ̀ di ilé. Ọ̀gá á sùn nínú ilé ìdarí. Apprenti á gun orí àpò ẹ̀pà, á tẹ́ ẹní, á fa tapólì borí. Ẹlòmíì á ta okùn sábẹ́ ọkọ̀, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn, á sùn sínú rẹ̀ bí ọmọ tí ìyá pọ̀n, nítorí pé ibẹ̀ ló tutù jù lọ́sàn-án. Àpótí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń kó ìkòkò, iyọ̀, ata àti gààrí sí. Ike omi ń fì lẹ́yìn. Kẹ́tù àlùwàlá ò gbọ́dọ̀ jìnnà. Yorùbá ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Àwọn wọ̀nyí gbé ilé àti oko pọ̀ sórí táyà kan náà.

Lẹ́yìn wọn ni Peugeot 404 bâchée dé, tí wọ́n ń to àga méjì sí ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ tapólì. Èrò ń gùn ún lọ́sàn-án, awakọ̀ ń na ara lé àga kan náà lóru. Peugeot 504 tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni jíìpù àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Cotonou wọlé. Bí ẹnì kan bá gbé Land Cruiser wá sí Banikanni lónìí pé kí wọ́n sọ ọ́ di yàrá fóun, jórinjórin àti gbẹ́nàgbẹ́nà wa ò ní lọ wá ọgbọ́n rẹ̀ jìnnà. Ihò bóòtì tí àga ẹ̀yìn ti kúrò ni wọ́n á fi de irin ibùsùn, kí wọ́n má baà lu ilẹ̀ ọkọ̀ jálẹ̀. Contreplaqué ni wọ́n á tẹ́ lé e, nítorí igi tó bá wúwo jù á mú ọkọ̀ jẹ epo, á sì pa sípíríǹgì rẹ̀. Ẹrù á wà nísàlẹ̀, ènìyàn á wà lókè, gẹ́gẹ́ bí apprenti ṣe ń sùn lórí àpò ẹ̀pà. Wọ́n á ta àwọ̀n ẹ̀fọn sójú fèrèsé, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé.

Ohun kan wà tí àwọn àgbà awakọ̀ kì í fi ṣeré: ìta ni wọ́n ti ń dáná. Ẹ má ṣe gbé ààrò eléèédú wọ inú ọkọ̀ nítorí òtútù ọyẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn nínú rẹ̀. Monoxyde de carbone kò ní òórùn, ojú ò sì rí i. Ẹni tó bá fà á símú lójú oorun lè má jí mọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ tó di ilé ló mú ayọ̀ wá. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje ọdún 2023, àwọn ológun gba ìjọba ní Niger. Kò pẹ́ tí CEDEAO fi ní kí wọ́n ti bodè. Kàmíọ̀ tò lọ gbọọrọ ní Malanville, àwọn awakọ̀ ò lè kọjá, wọn ò sì lè fi ẹrù sílẹ̀. Abẹ́ kàmíọ̀ di yàrá wọn, ó di ilé ìdáná wọn, ó di ibi ìkírun wọn. Nígbà tí CEDEAO mú ìjìyà náà kúrò ní oṣù kejì ọdún 2024, Niger kò ṣí bodè tirẹ̀ sí wa. Ẹni tó ń wo fídíò jíìpù lórí fóònù yẹ kó rántí wọn. Ẹni tó fẹ́ sùn nínú ọkọ̀ ń gbafẹ́. Ẹni tí kò rí ọ̀nà lọ ń jìyà. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, a ò ní kẹ́ ẹ má wo fídíò òyìnbó, ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbẹ́ pákó sórí châssis, àwọn tó sùn lórí àpò ẹ̀pà láàárín Parakou àti Malanville, àwọn tó kù nínú wọn ti darúgbó. Bí bàbá tàbí bàbá àgbà yín bá wà lára wọn, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ẹ bi í pé irú ọkọ̀ wo ló wà, ta ló kan igi rẹ̀, ibo ló ń sùn sí, kí ló ń sè. Ẹ tẹ fóònù yín kó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀. Croisière noire ti rí ẹni kọ tirẹ̀. Ta ni yóò kọ ti àwọn bàbá wa bí kò ṣe àwa?