Ẹ̀ka Yàtọ̀ sí Orúkọ Àyálò

Bí ilé oúnjẹ kan bá gbajúmọ̀, tí a sì rí orúkọ rẹ̀ lára ṣọ́ọ̀bù mìíràn, ẹ̀ka la máa ń pe ìkejì. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, àmọ́ nǹkan méjì tí kò jọra ló dà pọ̀, ìdàpọ̀ ọ̀hún sì lè ná èèyàn lówó gọbọi.

Ẹ jẹ́ ká mú un lọ sí Ungwan Dosa, ní àríwá ìlú Kàdúná. Ká ní ìyá Yorùbá kan ń ta àmàlà níbẹ̀, tí àwọn oníbàárà ń ti Malali àti Kawo wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá fẹ́ kí orúkọ òun dé Barnawa, lódìkejì odò. Ó lè fi owó ara rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù, kó gba alásè, kó fi àbúrò rẹ̀ ṣe máníjà. Tirẹ̀ ni èrè, tirẹ̀ náà ni àdánù. Èyí ni kí á máa pè ní ẹ̀ka. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíì ló máa kówó sílẹ̀, tí yóò gba òṣìṣẹ́ tirẹ̀, tí yóò wá máa lo orúkọ ìyá yìí àti ọwọ́ ìsebẹ̀ rẹ̀, tí yóò sì máa sanwó fún un. Èyí làwọn oníṣòwò ń pè ní fránṣáìsì.

Kí ni ká pè é ní Yorùbá? Alágbàtà kọ́: ìyẹn á ra ọjà, á tún un tà, kò sẹ́ni tó máa wá yẹ ìkòkò rẹ̀ wò. Ọmọṣẹ́ tó gba òmìnira náà kọ́, torí orúkọ ara rẹ̀ ni yóò kọ sí pátákó. Orúkọ àyálò ni mo fara mọ́. Ẹni tó ni orúkọ ni olórúkọ. Ẹni tó yá a lò ni ayárúkọlò, bí a ti ń sọ pé èèyàn dárúkọ.

Owó méjì ni ayárúkọlò sábà máa ń san. Ti àkọ́kọ́ ni owó ìwọlé, tó ń san lẹ́ẹ̀kan nígbà àdéhùn. Ìkejì, tó ń lọ láìdáwọ́ dúró, ìṣákọ́lẹ̀ ni mo pè é. Àgbẹ̀ tó ń fi ọkọ́ ara rẹ̀ dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ mọ irú owó yìí dáadáa. Nígbà tí Harland Sanders, ẹni tó dá KFC sílẹ̀, yá Pete Harman ní orúkọ adìyẹ díndín rẹ̀ ní Salt Lake City, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1952, sẹ́ǹtì mélòó kan lórí adìyẹ kọ̀ọ̀kan ló ń gbà. Ti McDonald's tiẹ̀ jọ ìṣákọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: nínú 100 ilé oúnjẹ rẹ̀, nǹkan bí 95 ló wà lọ́wọ́ ayárúkọlò, olórúkọ sì sábà máa ń gba owó ilẹ̀ àti ilé lọ́wọ́ wọn. Orí ọjà tí wọ́n tà ni wọ́n sábà máa ń ti yọ ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe orí èrè. Bí owó gáàsì àti owó dísù bá jẹ èrè oṣù tán, ìṣákọ́lẹ̀ ò ní dúró deni.

Nílé wa níbí, ilé-iṣẹ́ UAC dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ lọ́dún 1986, ó sì wá ń yá àwọn ẹlòmíì ní orúkọ náà. Devyani, ilé-iṣẹ́ kan láti Íńdíà, ló gbé KFC wọ Nàìjíríà lọ́dún 2009. Domino's tó dé lọ́dún 2012 wà lọ́wọ́ Eat'N'Go. "Ẹ̀ka KFC" làwa ń sọ, ṣùgbọ́n ayárúkọlò ló ń ṣí ilẹ̀kùn láràárọ̀.

Orúkọ nìkan kọ́ là ń yá. Ìwọ̀n wà níbẹ̀. Ìyá Ungwan Dosa ń fi múdù wọn èlùbọ́, ó ń da ata sí i bí ojú rẹ̀ bá ṣe rí i, ó sì ń tọ́ iyọ̀ wò lórí àtẹ́lẹwọ́. Bí orúkọ rẹ̀ bá dé Ìbàdàn, kóńgò ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Kó tó lè yá ẹnikẹ́ni, ó di dandan kó sọ múdù di kílò, kó sọ "iyọ̀ díẹ̀" di ṣíbí, kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìlànà. Ìwọ̀n àìyẹ̀ ni mo pe ìyẹn.

Ẹ wò ó bí àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá dé ẹnu ìyá yìí, tó ń bá ọ̀dọ́kùnrin kan ṣàdéhùn:

"Ọmọ mi, n ò ta orúkọ mi fún ọ o, mo yá ọ ni, fún ọdún 5. Ẹ̀ẹ̀kan lo máa san owó ìwọlé. Ìṣákọ́lẹ̀ jẹ́ ₦5 nínú ₦100 tó o bá tà, o jèrè o, o ò jèrè o."

"Ó yé mi, Mà. Tí ọdún 5 bá pé ńkọ́?"

"Wàá já pátákó mi wálẹ̀. Ìkòkò àti àga, tìrẹ ni."

Ká ní "ẹ̀ka" ni wọ́n pè é, ọ̀dọ́kùnrin náà lè máa rò pé ìyá ni yóò san gbèsè lọ́jọ́ tí ọjà bá kùtà.