Bíríkì Ará Ìlú: Ìtàn Pápá Ìṣeré Beira-Rio ní Porto Alegre

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà ọdún 2014, Nàìjíríà pàdé Ajẹntínà nínú Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Porto Alegre, ní gúúsù Brazil. Ahmed Musa gbá góòlù méjì wọlé, Messi náà gbá méjì. Ajẹntínà sì borí pẹ̀lú 3 sí 2. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó wò ó láti òkèèrè ni kò mọ ọwọ́ tó kọ́ pápá ọ̀hún.

Ẹgbẹ́ Internacional, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1909, ló ni ín. Omi Guaíba ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ńṣe ni wọ́n dí i kí ó tó di ilẹ̀. Nígbà tí owó ẹgbẹ́ kò tó iṣẹ́, wọ́n ké sí àwọn olólùfẹ́ wọn, títí kan lórí rédíò, pé kí kálukú mú ohun tó ní wá. Àwọn ènìyàn ru bíríkì, sìmẹ́ǹtì àti irin wá, àwọn mìíràn láti ìgbèríko. Àwọn kan san owó àga sílẹ̀ kí pápá tó wà rárá. Àwọn alátakò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ohun tí ń léfòó ni wọ́n rà, kì í ṣe àga. (Ẹni tó bá mọ bí àárín Internacional àti Grêmio ṣe rí, èyí kò ní yà á lẹ́nu.)

José Pinheiro Borda, ọmọ Pọ́túgàl tó ṣe kòkáárí iṣẹ́ náà, kú kí ó tó parí. Orúkọ rẹ̀ ni pápá náà ń jẹ́ nínú ìwé. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 1969 ni wọ́n ṣí i, Internacional sì na Benfica ní 2 sí 1.

Ìlú náà kò ṣàjèjì sí wa pátápátá. Batuque, ẹ̀sìn tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú gbìn síbẹ̀, ṣì ní ẹ̀ka tí ń jẹ́ Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà. Ẹgbẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù ni Internacional ń pe ara rẹ̀. Tesourinha, aláwọ̀ dúdú, sì ni ìràwọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940.

Àtúnṣe tó ṣáájú ìdíje 2014 ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ló ṣe é, ó sì gba ẹ̀tọ́ láti máa pa owó lórí apá kan pápá náà fún ogún ọdún. Lójú tèmi, kò sí ẹni tó bi àwọn tó ru bíríkì léèrè. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún ni wọ́n gbá níbẹ̀ nínú ìdíje náà.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, Guaíba kún àkúnya, ó sì bo koríko pápá náà. Oṣù Keje ni Internacional tó padà gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀.